Ẹ̀fọ́ inú bọ́kẹ́ẹ̀tì: bí ayálégbé Igbó Ẹfọ̀n ṣe lè gbin ẹ̀fọ́ láìní ilẹ̀

Ìbéèrè kan wà tí àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò máa ń bi mí ṣáá: ṣé òótọ́ ni pé èèyàn lè gbin ẹ̀fọ́ sínú omi lásán, kó hù, kó tún ṣeé jẹ? Òótọ́ ni, àyàfi ti “lásán” yẹn. Hydroponics ni wọ́n ń pè é. Àmọ́ ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń polówó rẹ̀ lórí fóònù ti fi oyin sí ọ̀rọ̀ náà jù. Ìdí nìyẹn tí mo fi kó gbogbo ohun tó yẹ kẹ́ ẹ mọ̀ jọ síbí, kẹ́ ẹ tó ná kọ́bọ̀. Bọ́kẹ́ẹ̀tì mẹ́fà lèmi náà ní ní bákónì ẹ̀yìn ilé tí mo yá, torí náà, ohun tí mò ń ṣe lójoojúmọ́ ni mò ń sọ. Ẹ tọ́jú ẹ̀ pamọ́, ẹ máa nílò ẹ̀.

Kí ló kan Igbó Ẹfọ̀n nínú ẹ̀?

Igbó Ẹfọ̀n, láàárín Jakande àti Chevron lójú ọ̀nà Lẹ́kí sí Ẹ̀pẹ́, wà lórí ilẹ̀ tóóró tí òkun wà lápá kan rẹ̀, tí ọ̀sà wà lápá kejì. Orúkọ àdúgbò yìí ṣì ń rántí igbó, ó ń rántí ẹfọ̀n, ẹranko ńlá oníwo yẹn. Lónìí, igbó ti tán, ẹfọ̀n ti lọ. Iyanrìn ló kù, wọ́n sì ti fi interlock bo ìyẹn náà mọ́lẹ̀ nínú ọ̀pọ̀ ọgbà. Bí òjò bá rọ̀, àgbàrá á gba ojú títì. Bí oòrùn bá ràn, iyanrìn ò lè di omi mú. Kí ayálégbé tó ní bákónì kan ṣoṣo wá máa wá ilẹ̀ tó máa gbin tẹ̀tẹ̀ sí? Níbo?

Ọ̀rọ̀ yìí ju ọ̀rọ̀ fàájì lọ. Kánò, Kàdúná àti Kàtíínà ni ọ̀pọ̀ tòmátò tá à ń rà ní Mile 12 ti ń wá. Jọ́ọ̀sì ni ọ̀pọ̀ lẹ́tùùsì, kábéèjì àti kárọ́ọ̀tì ti ń wá. Ọjọ́ tí ọ̀nà yẹn bá dí, ọbẹ̀ wa náà á dí. Lọ́dún 2016, kòkòrò kékeré kan tó ń jẹ́ Tuta absoluta, èyí táwọn èèyàn sọ ní “Ebola tòmátò”, ba oko jẹ́ ní Kàdúná débi pé ìjọba ìpínlẹ̀ náà kéde pàjáwìrì. Ní ìparí oṣù kejì sí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹta ọdún 2021, lẹ́yìn rògbòdìyàn ọjà Ṣáṣá n’Ìbàdàn, ẹgbẹ́ àwọn oníṣòwò oúnjẹ àti màálù dá ọkọ̀ oúnjẹ dúró, wọn ò jẹ́ kó sọ̀ kalẹ̀ wá sí Gúúsù. Ní oṣù keje ọdún 2023, Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú kéde pàjáwìrì lórí ọ̀rọ̀ oúnjẹ. Àwọn àgbà sọ pé ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Bọ́kẹ́ẹ̀tì ò lè rọ́pò Mile 12, àmọ́ ó lè jẹ́ ọ̀nà kejì fún ewé tẹ́ ẹ fẹ́ jẹ lálẹ́ òní.

Kí ni hydroponics gan-an?

Ẹ mọ ojú oró, àbí? Ewé tá a máa ń fi gbàdúrà pé ká lékè bó ṣe ń lékè omi. Ẹ lọ fà á sókè nínú ọ̀sà, ẹ máa rí i pé gbòǹgbò ẹ̀ kò kan ilẹ̀ rárá. Inú omi ló rọ̀ sí, inú omi náà ló ti ń jẹun. Nítorí náà, ohun tí òyìnbó sọ lórúkọ yìí kì í ṣe àjèjì lójú ọ̀sà wa.

Iṣẹ́ mẹ́ta ni erùpẹ̀ ń ṣe fún ọ̀gbìn: ó ń gbé e dúró, ó ń bá a tọ́jú omi, ó sì ń bá a tọ́jú oúnjẹ. Èròjà 17 ni ọ̀gbìn nílò. Mẹ́ta nínú wọn, ìyẹn carbon, hydrogen àti oxygen, inú afẹ́fẹ́ àti omi ló ti ń rí wọn. Mẹ́rìnlá tó kù, bíi nitrogen, potassium, calcium àti iron, inú ilẹ̀ ló ti máa ń fà wọ́n. Tá a bá lè fi ọwọ́ ara wa bu mẹ́rìnlá yìí sínú omi, tá a tún rí nǹkan gbé ọ̀gbìn dúró, ọ̀gbìn ò ní bèèrè erùpẹ̀ lọ́wọ́ wa mọ́.

Láwọn ọdún 1860, àwọn onímọ̀ méjì ní Jámánì, Julius von Sachs àti Wilhelm Knop, ti po irú omi bẹ́ẹ̀. Lọ́dún 1929, William Gericke ti Yunifásítì California ní Berkeley sọ pé ó ṣeé fi ṣe oko gidi. Lọ́dún 1937 ló lo orúkọ hydroponics níta. Ariwo pọ̀ nígbà náà bó ṣe pọ̀ lónìí. Àwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ méjì ní yunifásítì kan náà, Dennis Hoagland àti Daniel Arnon, wá yẹ ọ̀rọ̀ náà wò. Ohun tí wọ́n tẹ̀ jáde lọ́dún 1938 ni pé èso inú omi kì í pọ̀ ju ti ilẹ̀ tó dáa lọ, tí ìmọ́lẹ̀ àti ìtọ́jú bá dọ́gba. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn nígbà tẹ́nì kan bá sọ fún yín pé ìlọ́po mẹ́wàá ni ẹ máa kó. Àǹfààní tó wà níbẹ̀ ni pé ó wúlò níbi tí kò sí ilẹ̀ tó dáa. Ibẹ̀ gan-an la wà.

Nílẹ̀ tiwa, IITA n’Ìbàdàn ti lo ẹ̀yà rẹ̀ kan tó ń jẹ́ aeroponics láti sọ irúgbìn iṣu di púpọ̀: gbòǹgbò á rọ̀ sínú afẹ́fẹ́, wọ́n á máa fọ́n omi oúnjẹ sí i lára. L’Ábújá, Angel Adelaja dá ilé iṣẹ́ Fresh Direct sílẹ̀, ó ń gbin ẹ̀fọ́ sínú kọ̀nténà. Ní ìpínlẹ̀ Ògùn, Samson Ogbole ló wà nídìí Soilless Farm Lab, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ níṣẹ́ yìí.

Ètò mẹ́rin tẹ́ ẹ máa gbọ́ orúkọ wọn

Kratky: orúkọ Bernard Kratky ti Yunifásítì Hawaii ni wọ́n fi pè é. Bọ́kẹ́ẹ̀tì, ìdérí, omi oúnjẹ, ó parí. Kò sí pọ́ǹpù, kò sí iná. Bí ọ̀gbìn ṣe ń mu omi, omi á máa lọ sílẹ̀, gbòǹgbò tó wà lókè á máa mí nínú àlàfo tó ṣí sílẹ̀.

Deep water culture: bọ́kẹ́ẹ̀tì náà ni, àmọ́ pọ́ǹpù afẹ́fẹ́ kékeré á máa fẹ́ atẹ́gùn sínú omi tọ̀sán-tòru, irú èyí tí àwọn tó ń sin ẹja sínú gíláàsì ń lò.

NFT: páìpù funfun tí wọ́n dá ihò sí, tí wọ́n tẹ́ síra lórí irin. Omi tín-ín-rín á máa ṣàn kọjá lábẹ́ gbòǹgbò, á padà sínú táǹkì. Allen Cooper ló gbé e jáde nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Òun lẹ ń rí nínú fọ́tò jù, torí ó rẹwà.

Inú èèpo àgbọn: wọ́n á lọ èèpo àgbọn, wọ́n á fọ iyọ̀ ara rẹ̀ dànù, wọ́n á gbin tòmátò tàbí ata sí i, omi oúnjẹ á máa kán sí i díẹ̀díẹ̀. Àgbọn ò wọ́n wa l’Ékòó, pàápàá lọ́nà Àgbádárìgì.

Ìmọ̀ràn mi fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ní àdúgbò wa: Kratky. Tí wọ́n bá mú iná lọ́sàn-án nígbà tí oòrùn mú, gbòǹgbò inú páìpù NFT lè gbẹ láàárín wákàtí díẹ̀. Kratky ò tiẹ̀ ní mọ̀ pé wọ́n múná lọ.

Omi ni olórí ọ̀rọ̀

Ohun tí ọ̀pọ̀ fídíò ò ní sọ fún yín nìyí. Omi borehole ní apá ibi tiwa yìí ò dọ́gba láti ilé kan sí èkejì. Òmíràn ní iyọ̀, torí òkun ò jìnnà. Òmíràn ní iron. Omi ilé tí mò ń gbé, tó bá sùn mọ́jú nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì, á pọ́n bíi tíì tí wọn ò bu mílíìkì sí. Nítorí náà, kẹ́ ẹ tó ra irúgbìn, ẹ ra ẹ̀rọ ìwọ̀n méjì: èyí tó ń wọn EC, ìyẹn iye iyọ̀ tó ti yọ́ sínú omi, àti èyí tó ń wọn pH, ìyẹn bí omi ṣe kan sí.

Tí EC omi yín, láìtíì fi nǹkan kan sí i, bá wà lábẹ́ 0.5, inú mi dùn fún yín. Tó bá ti kọjá 1.0, àtijẹ ọ̀gbìn máa ṣòro, torí iyọ̀ tí kò wúlò ti gba àyè. Ẹ po ó mọ́ omi òjò tàbí kẹ́ ẹ pa á tì. Síse ò lè yọ iyọ̀ yìí kúrò, ńṣe ni yóò tún ki sí i.

Tí omi bá pọ́n, ẹ dà á láti bọ́kẹ́ẹ̀tì kan sí èkejì lẹ́ẹ̀mẹwàá kí afẹ́fẹ́ wọ̀ ọ́, ẹ jẹ́ kó dúró di ọjọ́ kejì, iron á sọ̀ kalẹ̀ sísàlẹ̀. Ẹ fi aṣọ funfun sẹ́ omi òkè.

Omi òjò ló dáa jù. Láti oṣù kẹrin sí oṣù keje, àti ní oṣù kẹsàn-án sí ìkẹwàá, òjò Èkó tó ẹ̀bùn. Ẹ jẹ́ kí òjò kọ́kọ́ fọ òrùlé fún nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá kẹ́ ẹ tó gbé ike sábẹ́ ẹ̀. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ẹni tó ní bọ́kẹ́ẹ̀tì kan tàbí méjì péré lè lo pure water: àpò kan tó ní ọ̀rá ogún, ọ̀kọ̀ọ̀kan sẹ̀ńtílítà 50, jẹ́ lítà 10. Àpò méjì kún bọ́kẹ́ẹ̀tì lítà 20.

Ní ti pH, ẹ jẹ́ kó wà láàárín 5.5 sí 6.5. Tó bá ga jù, ọ̀gbìn ò ní lè fa iron, bí iron tiẹ̀ kún inú omi. Ọtí kíkan tàbí omi ọsàn wẹ́wẹ́ lè rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ fún ọjọ́ díẹ̀, àmọ́ kì í pẹ́ tó fi ń padà. Phosphoric acid tí wọ́n ń tà fún iṣẹ́ yìí ló ń pẹ́. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ máa kán an díẹ̀díẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe lo omi bátìrì mọ́tò tí wọ́n ti lò. Òjé wà nínú ẹ̀, májèlé sì ni òjé.

Oúnjẹ tá a ń bù sí i

NPK 15:15:15 tí wọ́n ń tà fún àgbẹ̀ ò ṣeé lò níbí. Kì í yọ́ tán, kò sí calcium nínú ẹ̀, àwọn èròjà kéékèèké míì ò sì sí níbẹ̀. Yúríà náà ò ṣeé lò: àwọn kòkòrò àìfojúrí inú ilẹ̀ ló ń bá ọ̀gbìn yí i padà, bẹ́ẹ̀ wọn ò pọ̀ nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì. Ìgbẹ́ adìẹ ńkọ́? Ẹ má dán an wò. Ó máa rùn, àìsàn inú ẹ̀ sì máa dé ojú ewé tẹ́ ẹ fẹ́ jẹ ní tútù.

Nǹkan mẹ́ta lẹ máa rà: NPK tó ń yọ́ pátápátá nínú omi, irú èyí tí wọ́n kọ 4-18-38 sí lára, tó sì ní àwọn èròjà kéékèèké nínú, calcium nitrate, àti Epsom salt. Fún lítà 20, tó bá jẹ́ ẹ̀fọ́ ewé:

Grámù 10 NPK 4-18-38
Grámù 5 Epsom salt
Grámù 10 calcium nitrate

Ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ife tirẹ̀. Ẹ yọ́ NPK, ẹ dà á sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì tó ti kún fómi, ẹ rò ó. Lẹ́yìn náà, Epsom salt. Ìgbẹ̀yìn ni calcium nitrate. Ẹ má ṣe po calcium nitrate mọ́ àwọn tó kù nínú ife kan náà: calcium á so mọ́ sulphate àti phosphate, á di ẹfun funfun nísàlẹ̀ ife, ọ̀gbìn ò sì lè jẹ ẹfun. Lẹ́yìn tí gbogbo ẹ̀ bá ti pò, ẹ wọn EC. Fún ẹ̀fọ́ ewé, 1.2 sí 1.8 ló dáa. Fún ọmọ ọ̀gbìn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, ẹ dá omi mọ́ ọn kó di nǹkan bí ìdajì. Tòmátò àti ata máa ń fẹ́ 2.0 sókè.

Ẹ ra òṣùwọ̀n kékeré tó ń wọn grámù. Ṣíbí ò ṣeé gbára lé. Ẹ sì fi calcium nitrate sínú ike tó dé pinpin, torí ó máa ń fa omi inú afẹ́fẹ́ mọ́ra. Nínú ooru Lẹ́kí yìí, tẹ́ ẹ bá ṣí i sílẹ̀, omi lẹ máa bá níbẹ̀.

Bọ́kẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé ìparí

1. Ẹ wá bọ́kẹ́ẹ̀tì lítà 20 tó ní ìdérí, tí oúnjẹ ló ti wà nínú ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Èyí tí wọ́n ti fi kó kẹ́míkà, ẹ fi sílẹ̀.

2. Ẹ fi ọ̀dà dúdú kun ìta ẹ̀, ẹ wá fi funfun kun orí dúdú. Dúdú ò ní jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ wọlé, torí ibi tí ìmọ́lẹ̀ bá wọ̀, ewédò á hù. Funfun ò ní jẹ́ kí oòrùn sè é. Ẹ fi ìlà kan sílẹ̀ láìkùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kẹ́ ẹ lè máa rí bí omi ṣe kù sí, kẹ́ ẹ fi téèpù dúdú bò ó.

3. Ẹ dá ihò mẹ́ta sórí ìdérí, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ̀ tó sẹ̀ńtímítà 5. Ife yọ́gọ́ọ̀tì kékeré tẹ́ ẹ ti lu ihò sí lára àti nídìí á wọ inú ẹ̀.

4. Ẹ gé fóòmù tuntun sí wẹ́wẹ́, ẹ la àárín rẹ̀, ẹ fi hóró kan tàbí méjì sí i, ẹ fi omi rin ín. Tẹ̀tẹ̀ máa ń hù láàárín ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún. Lẹ́tùùsì ò fẹ́ràn ooru, tí ibẹ̀ bá gbóná ju nǹkan bí 28°C lọ, ó lè má hù. Ẹ fi tíṣù tútù wé hóró rẹ̀, ẹ gbé e sínú fíríìjì fún ọjọ́ méjì ná.

5. Tó bá ti ní ewé mẹ́ta, tí gbòǹgbò sì ti yọ nísàlẹ̀ fóòmù, ẹ gbé e sínú ife. Èyí máa ń gba nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì.

6. Ẹ bu omi oúnjẹ títí tó fi kan ìdí ife, bíi sẹ̀ńtímítà kan sí méjì. Kó má jù bẹ́ẹ̀ lọ.

7. Tí omi bá ti lọ sílẹ̀, ẹ má ṣe kún un dé òkè mọ́. Gbòǹgbò tó ti mọ́ afẹ́fẹ́ lára máa kú tẹ́ ẹ bá rì í sómi padà. Tó bá ku díẹ̀ kó tán, ẹ bù ú dé ìdajì péré.

Lẹ́tùùsì kan lè mu lítà 4 sí 6 kó tó ṣeé kórè. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní ihò mẹ́ta, kì í ṣe mẹ́wàá.

Kí ni ká gbìn?

Tẹ̀tẹ̀ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ gbìn. Ó mọ ooru, á sì ṣeé jẹ ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí márùn-ún. Ṣọkọ náà dáa. Efinrin àti gbúre ò tiẹ̀ nílò hóró: ẹ gé ọwọ́ rẹ̀ kan, ẹ kì í bọ omi, gbòǹgbò á yọ. Tẹ́ ẹ bá ń gé orí efinrin, á máa yọ ẹ̀ka tuntun fún oṣù púpọ̀. Lẹ́tùùsì ṣeé gbìn níbi tí òjìji bá wà lọ́sàn-án, àmọ́ tí ooru bá pọ̀ á ṣe òdòdó, á sì korò.

Tòmátò àti ata fẹ́ oòrùn wákàtí mẹ́fà sí mẹ́jọ lóòjọ́, wọ́n fẹ́ igi tó máa gbé wọn ró, wọ́n fẹ́ omi púpọ̀. Ní bákónì tí afẹ́fẹ́ kì í ti fẹ́ dáadáa, ẹ máa fi ìka gbọn òdòdó wọn láàárọ̀ kí wọ́n lè so. Iṣu, ẹ̀gẹ́, ìrẹsì, ẹ̀wà: ẹ lọ rà á lọ́jà, ẹ má da ara yín láàmú.

Ooru àti iná

Omi tó tutù máa ń di afẹ́fẹ́ mú ju omi gbígbóná lọ. Ní 20°C, lítà omi kan lè gba bíi mílígrámù 9 oxygen. Ní 30°C, bíi 7.5 ni. Ibi tí afẹ́fẹ́ bá ti dín kù, tí omi sì gbóná, ni àrùn Pythium ti ń jẹ gbòǹgbò. Gbòǹgbò tó dáa funfun, kì í rùn. Èyí tó ti ń jẹrà á pọ́n, á máa yọ̀, òórùn ẹ̀ á sì sọ fún yín kẹ́ ẹ tó rí i. Ẹ gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì síbi tí oòrùn àárọ̀ ti ń ràn tí oòrùn ọ̀sán ò dé, ẹ fi àpò ìrẹsì tútù wé e nígbà ẹ̀ẹ̀rùn.

Ẹni tó bá fẹ́ lo pọ́ǹpù, ẹ ṣírò ẹ̀. Pọ́ǹpù afẹ́fẹ́ watt 5 tó ń ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru fún ọgbọ̀n ọjọ́ máa jẹ 3.6 kilowatt-hour. Pọ́ǹpù omi watt 25 máa jẹ 18. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, NERC gbé owó Band A sí naira 225 fún kilowatt-hour kan. Ní iye yẹn, ti àkọ́kọ́ jẹ́ naira 810, ti èkejì jẹ́ naira 4,050 lóṣù. Owó iná máa ń yí padà, ẹ fi ti Band tiyín ṣe ìṣirò. Owó yẹn nìkan kọ́ ni ìṣòro o. Ìṣòro ibẹ̀ ni wákàtí tí kò ní sí iná.

Ẹfọ̀n ò sí mọ́, ẹ̀fọn ńkọ́?

Ẹranko ló wà nínú orúkọ àdúgbò wa, kì í ṣe kòkòrò tó ń mu ẹ̀jẹ̀. Àmọ́ omi tó dúró sójú kan ni ilé ìgbẹ́yin ẹ̀fọn. Láti ẹyin títí dé ìgbà tó máa fò lè jẹ́ ọjọ́ méje sí mẹ́wàá. Bọ́kẹ́ẹ̀tì tí ìdérí ẹ̀ ò dé dáadáa lè fi ibà dá gbogbo kọ́ḿpáùǹdù lọ́lá. Ẹ dí gbogbo ihò tí kò ní ọ̀gbìn nínú. Ẹ fi nẹ́ẹ̀tì bo ẹnu táǹkì àti ike omi òjò. Ẹ máa ṣí ìdérí wò lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀: tẹ́ ẹ bá rí ohun tó ń ta kíjí-kíjí nínú omi, ẹ da omi náà sórí ilẹ̀ gbígbẹ, ẹ fọ bọ́kẹ́ẹ̀tì, ẹ po òmíràn. Aládùúgbò tó ní ọmọ kékeré nílé lẹ jẹ ní gbèsè èyí.

Bí ewé bá ń ṣàìsàn

Ewé ìsàlẹ̀ tó ti dàgbà ń pọ́n: nitrogen ò tó, oúnjẹ ti ń tán.

Ewé tuntun lókè ń pọ́n, iṣan ẹ̀ ṣì tutù yọ̀yọ̀: iron ni. Ẹ wọn pH kẹ́ ẹ tó bu ohunkóhun sí i.

Etí ewé tuntun lẹ́tùùsì ń jó, tàbí ìdí tòmátò ń dúdú: calcium ò dé ibẹ̀. Ooru tàbí oúnjẹ tó ki jù ló sábà ń fà á.

Ewé rọ lọ́sàn-án, omi sì wà nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì: ẹ wo gbòǹgbò.

Kòkòrò kéékèèké funfun tàbí aláwọ̀ ewé wà lẹ́yìn ewé: ẹ fi omi fọ́n wọn dànù, kẹ́ ẹ wá fi ọṣẹ tí kò le, ṣíbí kékeré kan sí lítà omi kan, fọ́n ẹ̀yìn ewé nírọ̀lẹ́. Òróró dóńgóyárò náà ń ṣiṣẹ́. Ẹ má ṣe fi oògùn DDVP tí wọ́n fi ń pa aáyán fọ́n ẹ̀fọ́ láéláé. NAFDAC ti fòfin de ìgò kékeré rẹ̀ láti ọdún 2019 nítorí ẹ̀mí tó ń gbà.

Ẹ bá láńlọ́ọ̀dù sọ̀rọ̀

Lítà omi kan jẹ́ kílò kan. Bọ́kẹ́ẹ̀tì mẹ́fà tó kún jẹ́ kílò 120, dúrọ́ọ̀mù lítà 200 sì wúwo tó àgbà ọkùnrin mẹ́ta tó dúró pọ̀ sójú kan. Ẹ má ṣe kó wọn jọ sí etí bákónì. Ẹ tò wọ́n mọ́ ara ògiri, kí wọ́n jìnnà síra. Kẹ́ ẹ tó gbé ohunkóhun sórí òrùlé, ẹ gba àyè lọ́wọ́ onílé, kí ẹni tó mọ iṣẹ́ ilé kíkọ́ sì wò ó.

Omi oúnjẹ tó kù lẹ́yìn ìkórè, ẹ má dà á sí gọ́tà tàbí ẹ̀gbẹ́ kànga. Ajílẹ̀ ni. Ẹ fi bomi rin igi tàbí òdòdó inú ọgbà.

Ṣé owó wà níbẹ̀?

Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́. Oúnjẹ ọ̀gbìn ò wọ́n: kílò kan NPK, kílò kan calcium nitrate àti ìdajì kílò Epsom salt máa po bọ́kẹ́ẹ̀tì lítà 20 lọ́nà 100. Ibi tó ti máa ń dun èèyàn ni pé àpò kílò 25 ni ọ̀pọ̀ ń tà. Ọgbọ́n àwọn bàbá wa ló máa yanjú ìyẹn: ẹ dá àjọ. Ẹni márùn-ún nínú ìsọ̀rí ilé kan lè ra àpò kan, kí wọ́n fi òṣùwọ̀n pín in.

Bọ́kẹ́ẹ̀tì mẹ́fà ni lẹ́tùùsì méjìdínlógún láàárín nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méje, tí kòkòrò ò bá jẹ ọ̀kankan. Ẹ bèèrè iye tí wọ́n ń ta ọ̀kan lọ́jà tó sún mọ́ yín, ẹ sọ ọ́ di 18, ẹ yọ owó omi, irúgbìn àti oúnjẹ kúrò, ẹ pín owó bọ́kẹ́ẹ̀tì, òṣùwọ̀n àti ẹ̀rọ ìwọ̀n sórí ìkórè bíi mẹ́wàá. Ohun tó bá kù ni èrè yín. Fún ọ̀pọ̀ nínú wa, owó ọbẹ̀ díẹ̀ ló máa dín kù, kò ní sọ wá di olówó. Torí náà, ẹnikẹ́ni tó bá ní kẹ́ ẹ kó owó ilé sílẹ̀ fún ẹ̀kọ́ ọlọ́jọ́ kan, tó sì ń ṣèlérí pé ẹ máa kó mílíọ̀nù nínú bákónì, ẹ ní kó kọ ìṣirò yìí sílẹ̀ níwájú yín kẹ́ ẹ tó san kọ́bọ̀.

Ibi tẹ́ ẹ ti máa bẹ̀rẹ̀ nìyí. Lọ́sẹ̀ yìí, ẹ wọn omi ilé yín, ẹ sì kì efinrin kan bọ omi. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ẹ kun bọ́kẹ́ẹ̀tì kan, ẹ fi tẹ̀tẹ̀ sínú fóòmù. Ẹ má ra ìkejì títí ẹ fi máa jẹ nínú ti àkọ́kọ́. Tí omi yín bá jẹ́ oníyọ̀, tẹ́ ẹ ò sì ní ibi gbé omi òjò sí, ẹ tètè mọ̀ báyìí, nígbà tó ṣì jẹ́ owó ẹ̀rọ ìwọ̀n kékeré lẹ ná.